Ọba Kì Í Mú Ọ̀kọrin: Àwọn Olórin àti Ọdún Fẹlá ní Ìkẹjà

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n tí gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó mọ àṣà mọ̀. Òfin náà ni pé ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun yòówù tí olórin bá fi orin sọ, ìbáà ṣe èébú, ìbáà ṣe ẹ̀sùn, ìbáà kan aládé fúnra rẹ̀, a kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé àwọn baba wa fẹ́ràn àrífín. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìlú tí kò bá ní ibi tí òtítọ́ lè gbà jáde, abẹ́ aṣọ ni egbò ibẹ̀ yóò ti máa kẹ̀, ọjọ́ tí a bá sì ṣí i, kò sí ilé tí òórùn rẹ̀ kò ní í dé.

Inú ọdún ìbílẹ̀ ni wọ́n fi òfin yìí pamọ́ sí. Ní ilẹ̀ Kétu, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa lónìí, àti láàrin àwọn Yorùbá tí ó wà ní Orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lóru náà, ẹlẹ́fẹ̀ yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, yóò wúre fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá dojú orin kọ olè, aṣẹ́wó, ìjòyè tí ó ń rẹ́ ará ìlú jẹ, àti ẹni tí ó sọ agbára di ẹgba. Ní Ìbàdàn, bí ọjọ́ Òkèbàdàn bá pé, tọmọdé tàgbà ni yóò máa kọ orin tí kò ṣeé kọ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá bínú ni wọn yóò tún kọ ọ́ sí jù. Kò yani lẹ́nu nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún pàtàkì ọmọ aráyé. Ijó àti ère orí rẹ̀ dára ní wíwò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ní òru ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni èyí: nígbà tí àwọn ọmọ wa kúrò ní abúlé, tí wọ́n dé ìlú ẹ̀rọ, níbi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú ará Ọwẹ́rí, tí ọba ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọba gbogbo wọn, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí òfin náà? Ṣé ó kú ni, àbí ó pa aṣọ dà? Ibi tí ó yẹ kí a ti wá ìdáhùn ni Ìkẹjà àti Agége, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn olórin ti ń péjọ lọ́dọọdún, ní oṣù Ọ̀wàrà, fún ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Felabration.

Kí a tó sọ̀rọ̀ olórin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí ó ń gbọ́ orin. Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni agbègbè yìí tẹ́lẹ̀. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ìbàdàn, Agége sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà kò wù mọ́ ti ń dá oko kòkó níbẹ̀, débi pé ní 1907, Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀. Obì tẹ̀ lé kòkó, àwọn Haúsá tẹ̀ lé obì, Agége sì di ibi tí a ti ń gbọ́ ju èdè kan lọ kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan tó débẹ̀.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ rántí pé Ìkẹjà àti Agége kò sí lábẹ́ Èkó nígbà náà, abẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n wà títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Láàrin àwọn ọdún 1960, Guinness ti ń pọn ọtí ní Ìkẹjà, Dunlop ti ń ṣe táyà, àwọn ahunṣọ ti gbé ẹ̀rọ ìhunṣọ wọn kalẹ̀, Cadbury náà sì ti wà ní Agídìngbì. Ìkẹjà ni iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n Agége, Muṣin àti àyíká wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Ní kùtùkùtù, ẹ ó rí wọn bí eéṣú lójú pópó, àwọn kan wà nínú ọkọ̀, àwọn kan wà lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn, kí fèrè ilé-iṣẹ́ tó dún.

Àwọn ènìyàn yìí kì í ṣe ẹni tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ jẹ́ alága fún dábàá àfikún owó oṣù, tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan sì ń wá ọ̀nà láti má san án, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971. Adrian Peace, ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ òkèèrè, gbé Agége ní àkókò náà, ó sì ṣe ìwé lórí ìgbésí ayé wọn. Ohun tí ó yẹ kí a dì mú níbẹ̀ ni pé kí olórin kankan tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ, wọ́n ti mọ ìrẹ́jẹ ní orúkọ àti ní adúgbò.

Wọn kò sì ṣe aláìní orin. Ilé ọtí kún Agége, òde ìyàwó àti òde ìsìnkú kò sì mọ̀ níwọ̀n. Jùjú, àpàlà, sákárà àti, lẹ́yìn náà, fújì, ní ọmọ tiwọn níbẹ̀. Orin òkèèrè pàápàá rí ilé gbà. Láti orí rédíò àti àwo ni Jim Reeves, ọmọ Texas tí jàm̀bá ọkọ̀ òfurufú pa ní 1964, ti wọ inú ilé àwọn ènìyàn wa, tí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń bá a gbè é. Gìtá onírin tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà fi ń ké bí ẹni ń sunkún náà kò pẹ́ dé inú jùjú. Nígbà tí King Sunny Adé mú un wọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù sì ń ta á láàrin dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè ìlú tí ó ti wá mọ́. Àwo Juju Music tí wọ́n gbé jáde ní 1982 ni ó mú ohùn náà padà lọ sí ilẹ̀ àwọn tí ó ni gìtá. Bẹ́ẹ̀ ni orin rí láàrin wa: ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì sí ibodè tí ó lè dá a dúró.

Ṣùgbọ́n jùjú jẹ́ orin àpọ́nlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹni tí ó náwó ga, kí òde lè dùn. Ojúṣe rere ni èyí nínú àṣà wa, nítorí pé ẹni tí a bá kì, orí rẹ̀ a wú. Síbẹ̀ oríkì kò lè ṣe iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò lówó tí yóò fi lẹ̀ mọ́ olórin níwájú kò lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú jùjú. Àyè kan ṣófo. Ọmọ Ẹ̀gbá kan ni ó wá dí i.

A bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà, 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí, tí wọ́n fi orin èébú àti ìjókòó lé Aláké kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí Fẹlá ti kọ́ iṣẹ́ kí ó má wulẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kàwé ní Trinity College of Music láti 1958. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ pé orin lè ká ọba mọ́ ààfin.

Lẹ́yìn tí ó padà dé ní 1963, ó kọ́kọ́ ń ṣe háílàìfù àti jáàsì pẹ̀lú ẹgbẹ́ Koola Lobitos. Ìrìn-àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969 ni ó yí i padà. Ní Los Angeles, Sandra Smith, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó jẹ́ ajìjàgbara, fi ìwé àti ọ̀rọ̀ ìjà àwọn ènìyàn dúdú hàn án. Àwọn olórin dúdú Amẹ́ríkà náà, tí blúùsì bí, ti ń fi ìlù àti fèrè sọ ohun tí wọn kò lè sọ níwájú adájọ́. Fẹlá padà wálé, ó sì rí i pé ohun tí òun lọ wá ní òkun wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó fi gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì kọrin, nítorí pé èdè náà ni ará Ọ̀yọ́, ará Ọwẹ́rí àti ará Kánò jọ ń sọ ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Ìlù rẹ̀, tí Tony Allen ń lù, kò yára bí ti háílàìfù, ó ń yí ká bí ẹ̀rọ tí a tàn ní òwúrọ̀ tí a kò pa títí ilẹ̀ fi ṣú. Orin kan lè gba ojú àwo kan tán.

Ilé rẹ̀, tí ó pè ní Kalakuta, wà ní Ojúlé 14, Ọ̀nà Agége, ojú ọ̀nà kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lọ sí Ìkẹjà. Ibi tí ó ti ń ṣeré, Afrika Shrine, kò jìnnà síbẹ̀. Ojúbọ ni orúkọ náà túmọ̀ sí, kì í sì í ṣe àwàdà, nítorí pé ó ń bọ àwọn alálẹ̀ níbẹ̀ kí eré tó gbóná.

Ní ọdún 1977 ni òfin àwọn baba wa àti òfin àwọn ológun pàdé lójúkojú. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún náà, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí FESTAC, àjọ̀dún ńlá fún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé, ní Èkó. Láti ọjọ́ 15 oṣù náà títí di ọjọ́ 12 oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn olórin, oníjó àti òǹkọ̀wé tí ó lé ní 15,000 péjọ. Stevie Wonder wá, Sun Ra wá. Fẹlá wà lára àwọn tí ó ń gbìmọ̀ lórí ètò náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrò níbẹ̀ nítorí pé kò fara mọ́ bí àwọn ológun ṣe ń darí rẹ̀. Ó wá ń ṣeré tirẹ̀ ní Shrine lálaalẹ́. Ọ̀pọ̀ àlejò tí ìjọba fi owó epo rọ̀bì gbé wá ni ó ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lóru láti gbọ́ ohun tí a kò kọ sínú ìwé ètò FESTAC.

Ẹ kíyè sí bí ó ti rí. Ní ọ̀sán, ìjọba ń gbé ijó àti ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ han àlejò. Ní òru, ẹlẹ́fẹ̀ ń kọrin ní Ọ̀nà Agége. Ọdún kan ni méjèèjì í ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀sán kò fẹ́ kí òru wà. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí FESTAC parí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn ṣọ́jà tí a fojú bù sí 1,000 ya bo Kalakuta. Wọ́n lu àwọn ọkùnrin, wọ́n bá àwọn obìnrin jẹ́, wọ́n ju ìyá àgbà láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ wádìí, ó sì ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, 1978, kò sì bọ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́ ọjọ́ náà títí ó fi kú. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 1979, nígbà tí àwọn ológun ń múra àti gbé ìjọba sílẹ̀, Fẹlá gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó olórí ìjọba. Ọba ti mú ọ̀kọrin, ọ̀kọrin sì gbé òkú padà fún ọba.

Lẹ́yìn náà ni Shrine kó wá sí òpópónà Pepple ní Ìkẹjà. Nígbà yìí, Ìkẹjà ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1976, kò sì sí ibi tí ó sún mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ibẹ̀. Alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń pè ní alẹ́ yábíìsì. Fẹlá yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò máa sọ̀rọ̀ gùn títí, yóò máa bú mínísítà, ọ̀gágun, àlùfáà àti lémọ́ọ̀mù, àwọn èrò yóò máa dá a lóhùn, òun náà yóò tún dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó bá ti rí òru Ẹ̀fẹ̀ rí kò ní í ṣàì mọ ohun tí ó ń lọ níbẹ̀: ìjúbà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gún láàrin, ẹ̀rín tí ó ń mú kí ẹ̀gún wọlé. Òfin àwọn àgbà kò kú. Ó ti ṣí wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ìjọba náà kò sinmi. Ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari mú un ní 1984 lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè, kò sì jáde títí di 1986. Èyí kò ní kí a sọ Fẹlá di òrìṣà. Ó fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978, ọ̀rọ̀ tí ó sì sọ nípa obìnrin nínú orin rẹ̀ kan kò yẹ ọmọ Fúnmiláyọ̀. Àwọn obìnrin tí ó ń gbè, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì jẹ ìyà ṣọ́jà pẹ̀lú rẹ̀, kò rí ìpín tí ó tọ́ sí wọn nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́fẹ̀ kì í ṣe ẹni mímọ́. Ẹnu rẹ̀ ni a yá, a kò yá ìwà rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni ó pa á, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi irú ikú bẹ́ẹ̀ pamọ́. Kódà ikú rẹ̀ sọ òótọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí onídígí ní Tafawa Balewa Square, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e la ìlú kọjá wá sí ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá, Ìkẹjà, níbi tí wọ́n sin ín sí ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Èrò tí ó tẹ̀ lé e kò lóǹkà, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha sì ń wò.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1998, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yẹni Aníkúlápó-Kútì, dá Felabration sílẹ̀ láti máa ṣe ìrántí bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí. Ní 2000, Yẹni àti Fẹ́mi, àbúrò rẹ̀, ṣí New Afrika Shrine ní Agídìngbì, nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọdún náà sì rí ojúbọ. Nínú ìtàn Èkó, Agídìngbì tún jẹ́ orúkọ ogun 1851, nígbà tí àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dún lu ìlú. Orin ni ó ń dún ní Agídìngbì ti Ìkẹjà báyìí.

Bí ọdún náà ti ń lọ rèé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò kọ́kọ́ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Àwọn ọ̀mọ̀wé yóò sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn yóò sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìwọ́de aláwọ̀ mèremère yóò gba ìgboro kọjá. Lẹ́yìn náà ni òru yóò dé, ẹgbẹ́ olórin kan yóò máa sọ̀ kalẹ̀, òmíràn yóò máa gòkè, títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, Hugh Masekela àti Lucky Dube ti wá láti Gúúsù Áfíríkà, Baaba Maal ti wá láti Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹgbẹ́ Third World ti wá láti Jàmáíkà. King Sunny Adé náà ti gun orí ìtàgé ibẹ̀, ohun tí ó túmọ̀ sí pé àpọ́nlé àti ẹ̀fẹ̀ ti jọ jókòó lórí ẹní kan. Fẹ́mi ń bọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀, Ṣeun sì ń darí Egypt 80, ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọ̀dọ́ olórin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lè tẹ̀ lé ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí ìtàgé kan náà. Ní ìta ọgbà, ẹlẹ́ran súyà, oníbúrẹ́dì àti ọlọ́tí ń jẹ nínú ọdún, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí níbi ọdún yòówù ní ilẹ̀ wa.

Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo pé ọdún náà ṣì wà. Ní orílẹ̀-èdè Mali, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún olórin kan nínú aṣálẹ̀ ní 2001. Ilẹ̀ Ali Farka Touré ni, ẹni tí gìtá rẹ̀ jọ ti àwọn ọlọ́jọ́ orí blúùsì Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ibẹ̀ ni ẹbí náà ti pínyà. Aráyé ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 2012, àwọn oníbọn gba ìhà àríwá Mali, wọ́n fi òfin de orin, ọdún náà sì tú ká. A kì í mọ iyì ọdún tí ń bọ̀ déédéé, àfi ìgbà tí kò bá dé mọ́.

Ṣùgbọ́n ìbọn nìkan kọ́ ni ó ń pa ọdún. Oyin náà ń pa á. Ní 2012, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kówó ràn án lọ́wọ́ láti sọ ilé òpópónà Gbẹ́misọ́lá di ilé ohun ìrántí, Kalakuta Museum. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2017, ìjọba kan náà ṣí ère Fẹlá kan ní oríta Allen Avenue. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje, 2018, Emmanuel Macron, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, wá ṣe àlejò ní New Afrika Shrine. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ń fi owó polówó ọjà wọn níbẹ̀. Ọlá ni gbogbo èyí, ẹbí Fẹlá sì yẹ fún un. Síbẹ̀ àwọn àgbà ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ohun tí ṣọ́jà 1,000 kò lè fi iná pa, ṣé a kò ní í fi àga iwájú àti báńnà pa á?

Ẹ wo ère tí wọ́n ṣí ní Allen. Abolore Sobayo ni ó gbẹ́ ẹ. Aṣọ eré Fẹlá ni ó gbé dúró, ṣùgbọ́n kò sí orí nínú rẹ̀, kò sí ọwọ́, kò sí ẹsẹ̀. Àwọn kan bínú sí i. Ní tèmi, mo gbà pé ère náà sọ òótọ́ ju bí ìjọba tí ó ṣí i ti rò lọ. Aṣọ ni ìjọba lè gbé sí oríta. Orí kò sí lọ́wọ́ wọn. Inú Yorùbá ni a sì wà, a mọ ohun tí orí jẹ́.

Àwọn tí ó ń gbọ́ orin náà ti yàtọ̀. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ sì ti dákẹ́. Gbọ̀ngàn ìjọsìn àti ilé ìkẹ́rùsí wà níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún rí. Ọmọ òṣìṣẹ́ tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1971 kò ní iṣẹ́ tí yóò dà sílẹ̀ báyìí. Ó lè máa ta káàdì fóònù tàbí kí ó máa gun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tán. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde lòdì sí ìwà ipá ọlọ́pàá, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi dúró ní Aláùsá, níwájú ilé ìjọba, ibi tí kò jìnnà sí Agídìngbì rárá. Ìbínú tí Fẹlá ń fún lóhùn ní Pepple ṣì ń wá ẹni tí yóò fún un lóhùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí bóyá Felabration jẹ́ ọdún gidi, ìdáhùn mi ni pé ó ní ohun mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ọdún Yorùbá ń béèrè. Ó ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Ó ní ojúbọ. Ó ní èrò tí ó wá láìjẹ́ pé a fi ipá mú wọn. Ẹ̀kẹrin ni òru Ẹ̀fẹ̀, àkókò tí olórin yóò sọ ohun tí ẹni tí ó jókòó níwájú kò fẹ́ gbọ́, tí yóò sì sùn ní ilé ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń rí gbà lẹ́ẹ̀kan kí a gbé e sínú àpótí. Ọdọọdún ni a ń tún un gbà. Olórin tí ó bá gòkè lórí ìtàgé Agídìngbì, tí ó kọ orin ìfẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó ki àwọn tí ó gbówó kalẹ̀, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀, ṣe eré tirẹ̀, a kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, àríyá ni a ṣe, a kò ṣe ọdún.

Ó kù sọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣètò kí wọ́n dá àyè sí fún ọ̀dọ́ ẹlẹ́fẹ̀ tí kò ní alágbàwí. Ó kù sọ́wọ́ ìjọba kí ó rántí pé òun kò lè gbé ère fún ọ̀kọrin tí ó kú kí ó sì tún máa mú èyí tí ó wà láàyè. Àwọn ọba wa àtijọ́ tí wọ́n jókòó ní òru Ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n gbọ́ èébú ara wọn, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe aláìlágbára. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí ọ̀kọrin bá ti ń sọ̀rọ̀, ọba ibẹ̀ lè sùn.